Fọ́tò Ìwúde, nọ́ńbà 22, àti ọ̀nà tó lọ sí sẹ́fà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, Iléṣà ni mo ń gbé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó jáde nílé-ìwé wa. Ọmọkùnrin tó ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ ti lọ sí Kánádà. Kó tó lọ, ó kọ nǹkan mẹ́rin sórí ìwé fún mi: Host, Username, Password, àti 'Port 22'. Mo ní fọ́tò 40 tí a yà níbi ọdún Ìwúde, mo fẹ́ kó wọn sórí ìkànnì náà. Wọ́n ní FTP ni kí n lò. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa ṣe é tí n kò fi ní ba nǹkan ẹgbẹ́ jẹ́?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o, mà. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín sí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹ kò fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá ní irú ìbẹ̀rù yẹn ló máa ń mọ iṣẹ́ yìí ṣe. Ibi tí ẹ kọjú ìbẹ̀rù náà sí nìkan ni kò tọ́. Ẹ ń bẹ̀rù ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò ní ṣe ju ohun tí ẹ bá ní kó ṣe lọ. Ohun tó yẹ ká máa bẹ̀rù ni fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Ìkànnì yín kì í ṣe ohun awo. Fódà ni. Fódà kan ni, nínú kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn, tí wọ́n so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru. Kọ̀ǹpútà yẹn là ń pè ní sẹ́fà. Ó lè wà ní Jámánì, ó lè wà ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ yín ń san owó lórí rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Àtákúnmọ́sà. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà sórí fóònù, sẹ́fà á ṣí fódà yẹn, á mú fáìlì tí wọ́n béèrè, á fi ránṣẹ́ sí wọn. Kí fọ́tò yín tó lè hàn, ó ní láti kúrò nínú laptop yín kó dé inú fódà náà.

"Kúrò" tí mo sọ yẹn gan-an kò tọ̀nà. Bí ẹ bá fi ewúrẹ́ rán dírẹ́bà sí mi láti Iléṣà wá sí Ifẹ̀, ewúrẹ́ kò sí ní agbo yín mọ́. Fáìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń rìn. Ojúlówó wà nílé níbi tó wà. Ìyẹn dára púpọ̀. Èyí tí kò dára ni pé bí ẹ̀dà yín bá dé ọ̀hún tó bá fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, orí onítọ̀hún ló máa jókòó lé, ti àkọ́kọ́ á sì pa rẹ́. Kò sí agbọ̀n ìdọ̀tí lọ́hùn-ún tí ẹ lè lọ tú wò lọ́la, bíi ti orí laptop.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Lágéré níbí, mo ní oníbàárà méjì: ìyá kan tó ń ta léèsì, àti ìdílé kan tó fẹ́ gbé ètò ìsìnkú bàbá wọn sórí ìkànnì. Ojú-ewé àkọ́kọ́ nínú ìkànnì máa ń jẹ́ index.html, ti ẹni gbogbo ni. Mo ṣí fódà kan, mo rò pé òmíràn ni, mo fi index.html ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó wá ra léèsì bá àkókò tí òkú máa wọlé àti ibi tí wọ́n ti máa jẹun. N kò ní ẹ̀dà ojú-ewé oníléèsì náà nílé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá yẹn kò sì tíì dárí jì mí tán di òní. Láti ìgbà náà, kí n tó gbé ohunkóhun lọ, mo máa ń kọ́kọ́ kó ohun tó wà lọ́hùn-ún wá sílé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Ó di ọ̀rọ̀ FTP. Ẹni tó ní kí ẹ lò ó kò purọ́, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ló dárúkọ. FTP jẹ́ ìlànà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé fáìlì fún ara wọn. Ọmọ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Abhay Bhushan ló kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 1971. Ká lè mọ bó ti pẹ́ tó: ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1967, ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ níbí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nígbà náà kò ju ti ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí lọ, àwọn tó ń lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán. Kò sí ẹni tó ń ronú olè. Ìdí nìyẹn tí FTP fi máa ń sọ pásíwọ́ọ̀dù jáde ketekete, bí ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ ẹnu láti Iléṣà sí Ifẹ̀: bí ọmọ bá dúró mu omi ní Òṣú, ará Òṣú lè gbọ́. Gbogbo ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà gba àárín wọn kọjá ló lè kà á.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà mìíràn, àrokò. Ẹni tó gbé e dání kò mọ ohun tó ń wí. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè tú u. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí tó yẹ kí ẹ lò, SFTP. Orí ìlànà kan tó ń jẹ́ SSH ló dúró lé. Tatu Ylönen, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló ṣe SSH ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan dọdẹ pásíwọ́ọ̀dù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀, Helsinki University of Technology. Gbogbo ìlànà ló ní nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà tó ń gbà wọ sẹ́fà, òun là ń pè ní port. 21 ni ti FTP, 23 ni ti telnet, tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè láyé ijọ́un. 22 ṣófo láàárín wọn, Ylönen kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí, ó béèrè fún un, wọ́n sì fún un.

Ẹ wá rí i pé "Port 22" orí ìwé yín kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Ohun tó ń sọ ni pé SFTP ni ọmọ yẹn ṣí fún yín. Ó mọ iṣẹ́, ẹ bá mi kí i. Ká ní 21 ló kọ ni, màá ní kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ háyà ààyè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ní SFTP, tàbí FTPS ó kéré tán. FTPS ni FTP àtijọ́ tí wọ́n da aṣọ bò. Orúkọ wọn jọra, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí ẹ bá sì rí ìwé ìtọ́sọ́nà kan tó ní kí ẹ tẹ ftp:// sínú bíráwúsà Chrome tàbí Firefox, ìwé àtijọ́ ni, àwọn méjèèjì ti yọ ọ́ kúrò láti 2021.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ lò ni FileZilla. Ọ̀fẹ́ ni. Tim Kosse àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì ní 2001, iṣẹ́ kíláàsì ni wọ́n pè é nígbà yẹn. Orí filezilla-project.org nìkan ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ yan FileZilla Client, ẹ má yan Server. Nígbà tí ẹ bá ń fi sórí laptop, ó lè bèèrè bóyá ẹ fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn WinSCP, òun náà dára, ṣùgbọ́n FileZilla ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni mo sì lè fi ẹnu ṣàlàyé láìrí kọ̀ǹpútà yín.

Bí ẹ bá ṣí i, ojú rẹ̀ pín sí méjì. Apá òsì ni laptop yín, apá ọ̀tún ni sẹ́fà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kọ ọ́ lórin: òsì nilé, ọ̀tún loko. Ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀. Lókè pátápátá ni àpótí kékeré mẹ́rin wà tó bá nǹkan mẹ́rin orí ìwé yín mu wẹ́kú. Ẹ kọ wọ́n síbẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́tà ńlá ní ńlá, kékeré ní kékeré. Ẹ ṣọ́ òdo àti lẹ́tà O, ẹ ṣọ́ ení àti lẹ́tà l. Ẹ tẹ Quickconnect.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò dá yín dúró, á ní òun kò mọ sẹ́fà yìí rí, á sì kọ lẹ́tà gbọọrọ kan sílẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Ìka-ọwọ́ sẹ́fà nìyẹn. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀, wọ́n á ti í pa. Kì í ṣe àṣìṣe. Ó ń bi yín pé, "Ṣé ẹni tí ẹ ń wá nìyí?" Bí ọmọ Kánádà yín bá lè fi ìka-ọwọ́ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi wéra, kí ẹ tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi àmì sí Always trust this host níbẹ̀, láti ìgbà náà lọ kò ní bèèrè mọ́. Àmọ́ bó bá tún bèèrè lọ́jọ́ kan, tó ní ìka-ọwọ́ ti yí padà, ẹ dúró, ẹ pe àwọn tó ni sẹ́fà kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn ló dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ ti wọlé nìyẹn. Ní apá ọ̀tún, ẹ máa rí oríṣiríṣi fódà. Ẹ wá èyí tó ń jẹ́ public_html. Nínú sẹ́fà kan, www tàbí htdocs ló máa ń jẹ́. Òun nìkan ni gbogbo ayé ń rí. Ohun tó wà ní òde rẹ̀, bí lẹ́tà, bí àkọsílẹ̀ sẹ́fà, ilé onílé ni, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn: ẹ ṣe fódà kan sílé, ní apá òsì, ẹ kọ ọjọ́ òní sí i lórúkọ, kí ẹ wá fa public_html látoko wálé sínú rẹ̀. Ẹ lọ wá nǹkan jẹ kó tó parí. Ẹ̀dà yẹn ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi tún ojú-ewé oníléèsì kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ fọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ pọ̀ sí.

Fọ́tò tí fóònù òde òní ń yà lè tó mẹ́gábáìtì 4 ẹyọ kan. Ogójì rẹ̀ jẹ́ 160. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi bít ka ìyára, fáìlì ń fi báìtì ka ara rẹ̀, báìtì kan sì jẹ́ bít 8. Nítorí náà, bí ìlà yín bá ń gbé mẹ́gábíìtì kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 160 yẹn máa gbà tó ìṣẹ́jú 21, bí iná kò bá lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ṣe wọlé-wọ̀de. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dín fọ́tò kù kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju píksẹ́lì 1200 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wálẹ̀ sí nǹkan bí kìlóbáìtì 250. Gbogbo rẹ̀ á wá di mẹ́gábáìtì 10, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Kì í sì í ṣe dátà yín nìkan. Ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó bá ṣí ojú-ewé náà ní láti gba ogójì yẹn sórí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú owó tirẹ̀. Paint inú Windows lè dín wọn kù, ibi tí wọ́n kọ Resize sí ni. Ẹ ṣe é lára ẹ̀dà, ẹ má ṣe é lára ojúlówó.

Orúkọ wọn ńkọ́? Tíṣà ni yín, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ kọ Ìwúde pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, n kì í fi ṣeré. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sínú orúkọ fáìlì. Ìdí rẹ̀ rèé. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tó lè gbà kọ ú. Ọ̀nà kan ni lẹ́tà ẹyọ kan tí àmì ti wà lára rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni u lásán, tí wọ́n wá fi àmì lé e lórí lẹ́yìn náà bí ẹni dé fìlà. Lójú èmi àti ẹ̀yin, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Lójú sẹ́fà, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé tí ẹ fi kọ orúkọ fọ́tò lè lo ọ̀nà kìíní, èyí tí ẹ fi kọ ojú-ewé lo ìkejì, fọ́tò kò wá ní hàn, ẹ sì lè wo orúkọ méjèèjì dòru kí ẹ má rí àṣìṣe níbẹ̀. Mo ti rí àgbà iṣẹ́ tó fi odindi ọjọ́ kan wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni lẹ́tà ńlá àti kékeré. Windows kò ka ìyàtọ̀ wọn sí. Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́fà bí Windows ṣe ń darí laptop, kà á sí gidigidi: Iwude.JPG kì í ṣe iwude.jpg. Ààyè òfìfo láàárín ọ̀rọ̀ náà tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ kúkú pè wọ́n ní iwude-01.jpg, iwude-02.jpg, títí dé iwude-40.jpg. Òdo tó wà níwájú 1 yẹn ni kò ní jẹ́ kí 10 ṣáájú 2 lórí ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Àmì ohùn yín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ojú-ewé, níbi tí ènìyàn máa ti kà á.

Ẹ wá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún asin (mouse) nínú public_html ní apá oko, ẹ yan Create directory, ẹ pe fódà tuntun náà ní iwude, ẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ yan fọ́tò ogójì ní apá ilé, ẹ fà wọ́n kọjá. Nísàlẹ̀, ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe tò bí àwọn tó ń dúró de mọ́tò, tí wọ́n ń wọlé ní méjì-méjì. Iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tí kò dé wà lábẹ́ Failed transfers. Ẹ yan wọ́n, ẹ ní Reset and requeue selected files, wọn á tún tò. Bó bá wá bi yín pé fáìlì kan ti wà lọ́hùn-ún, ìbéèrè yẹn gan-an ni mo ní kí ẹ máa bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ fọ́tò tó dúró sáàárín ọ̀nà, ẹ yan Resume, yóò tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ kò retí, ẹ yan Skip, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó padà wá. Overwrite ni ìyá oníléèsì.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ ni òṣómàáló, èmi ará Ifẹ̀ kàn fẹ́ yá a lò ni. Àwọn oníṣòwò yín láyé ijọ́un máa ń lóṣòó ti onígbèsè, wọn kì í dìde títí owó fi máa jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí FileZilla. Ẹ má pa laptop dé, ẹ má jẹ́ kó sùn, títí àpótí fífẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn kékeré mẹ́rin òkè yẹn fi máa kọ File transfer successful fún èyí tó kẹ́yìn, tí Failed transfers sì ṣófo.

Nǹkan kan wà tí kò sẹ́ni tó máa ń sọ fún olùbẹ̀rẹ̀: fọ́tò tó dé sẹ́fà kò ní ti ara rẹ̀ yọjú sórí ojú-ewé. Ó kàn wà nínú yàrá ni. Ojú-ewé gbọ́dọ̀ pè é. Ojú-ewé sì jẹ́ fáìlì tí ẹ lè kọ nínú Notepad: ẹ kọ <meta charset="utf-8"> sí ìlà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìlà kan fún fọ́tò kan, bíi <img src="iwude-01.jpg" width="600">, kí ẹ kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá tó péye. Ẹ pè é ní foto.html, ẹ fi sínú fódà iwude. Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà á ní kí ẹ pè é ní index.html kí àdírẹ́sì lè kúrú. Èmi kò gbà. Bí ọwọ́ yín bá ṣì í, tí ẹ sọ index.html yẹn sínú public_html dípò inú iwude, ojú-ewé àkọ́kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ti lọ. Kí àdírẹ́sì gùn díẹ̀.

Ìlà charset yẹn, ẹ má fò ó. Láìsí i, bíráwúsà lè ṣi àmì wa kà, Iléṣà á sì di IlÃ©á¹£Ã lójú ẹni tó wà ní London. Nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú fáìlì náà nínú Notepad, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé UTF-8 ló wà níbi Encoding.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ìkànnì tó jẹ́ fáìlì lásán. Bí ẹ bá rí fódà wp-content nínú public_html, WordPress, ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ni ọmọ yẹn fi ṣe é, ọ̀nà á sì yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ WordPress wà nínú dátábéèsì, kò sí nínú fódà, nítorí náà ẹ̀dà tí ẹ kó wálé kì í ṣe odindi ìkànnì. Fọ́tò tí ẹ bá sì gba ọ̀nà SFTP kó wọlé kò ní hàn nínú Media Library rẹ̀. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ ìwọlé WordPress fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ẹ lo ibẹ̀.

Ẹ lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ ṣí ojú-ewé kan tí ẹ tún ṣe, kí ẹ bá ti àtijọ́. Ìpè tí mo ń gbà jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: "Mo ti gbé e lọ, kò yí padà!" Bíráwúsà ló fi ti tẹ́lẹ̀ pamọ́ kó má baà jẹ dátà yín. Ẹ tẹ Ctrl àti F5 pọ̀. Bí 404 ló kọ, orúkọ tí ẹ tẹ̀ kò bá orúkọ fáìlì mu, tàbí inú fódà mìíràn ló wà. Bí 403 ni, àṣẹ fáìlì ló ṣì: ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún sí i ní apá oko, ẹ yan File permissions, ẹ kọ 644 fún fáìlì, 755 fún fódà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kọ 777 kí gbogbo rẹ̀ lè tètè yanjú, ó ní kí ẹ sùn kí ẹ ṣílẹ̀kùn ni. Nínú FileZilla, Authentication failed túmọ̀ sí pé Username tàbí Password ní àṣìṣe. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, nítorí ọ̀pọ̀ sẹ́fà máa ń ti ẹni tó bá kùnà léraléra mọ́ta fún ìgbà díẹ̀. Connection timed out ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí ti Host tí ẹ ṣì kọ.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ló kù. Èyí tó wà lórí ìwé yẹn, ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n, ọ̀kan sì wà ní Kánádà. N kò ní kó jẹ́ olè o. Ṣùgbọ́n laptop tirẹ̀ náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lò tán, ẹ bá àwọn tó ni sẹ́fà sọ̀rọ̀ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí FileZilla bá yín rántí rẹ̀, ẹ lọ sí Settings, ẹ kọ́kọ́ ṣètò master password, tí wọ́n fi kún un ní 2017. Ṣáájú ìgbà yẹn, ṣe ló máa ń kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ gbangba nínú fáìlì kan, ohun tí kòkòrò kọ̀ǹpútà sì ń wá kiri nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fi ra àdírẹ́sì ìkànnì náà àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán. Bó bá jẹ́ orúkọ ọmọ yẹn, ẹ tètè gbé e sí orúkọ ẹgbẹ́ nígbà tí ó ṣì ń gbé fóònù yín.

Ẹ má fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Notepad, ẹ kọ ìlà charset, ẹ kọ "Ẹ káàbọ̀ sí Iléṣà" sábẹ́ rẹ̀, ẹ pe fáìlì náà ní idanwo.html, ẹ fà á láti ilé sí oko, sínú public_html. Ẹ ṣí i lórí fóònù yín, kì í ṣe lórí laptop: àdírẹ́sì ìkànnì yín, ìlà dídagun (/), idanwo.html. Ẹ wo ẹ àti ṣ dáadáa. Bí gbogbo àmì bá pé, ẹ pa á rẹ́ ní apá oko, ẹ tún un ṣí lórí fóònù, kí ẹ rí 404 pẹ̀lú ojú ara yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó Ìwúde lọ. Bó bá há síbì kan, ẹ má kọ̀wé sí mi pé "kò ṣiṣẹ́". Ẹ da ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú àpótí fífẹ̀ òkè yẹn kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ yọ pásíwọ́ọ̀dù bó bá wà níbẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́.